Ẹni Tó Mú Ìdérí Iná Lọ́wọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta

Gílóòbù yàrá ìlọṣọ ti jó. Ó ṣẹ́jú bí ẹni tí erùpẹ̀ kó sí lójú, ó kú. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ni mo fi ń lọ aṣọ láti ọ̀sán, òjò sì ti sọ ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Bí mo ṣe jó ẹ̀wù oníbàárà nìyẹn – funfun, tuntun. Àmì áyọ́ọ̀nù wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìsàlẹ̀ bàtà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú. Ojú rẹ̀ ní ó burú.

Mo gorí tábìlì láti pààrọ̀ gílóòbù. Ìdérí rẹ̀ kò ṣí. Gíláàsì àtijọ́ ni, ó nípọn bí abọ́ ọbẹ̀, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Síkúrù ló dì í mọ́ àjà, àwọn tó kun ilé sì ti fi ọ̀dà lẹ síkúrù, ìdérí àti àjà pọ̀ di ọ̀kan. Òkú kòkòrò kún inú rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni mí, n kì í ṣe oníná. Àmọ́ apá tó ń fún aṣọ ibùsùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, síkúrù kò gbọdọ̀ borí rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Síkúrù kan jáde. Àwọn yòókù ń ṣe agídí. Ọrùn ń dùn mí. Òjò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Kékeré dé láàárọ̀, Tẹ̀ẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò mi yìí ga jù mí lọ báyìí, àmọ́ ẹ̀yìn mi ló ti dàgbà, Kékeré ló sì máa jẹ́ títí ayé. Kò sunkún. Ojú òsì rẹ̀ ti wú dí, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i létí, kò lè gbé apá. Ọmọ náà, tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, jókòó sáàárín aṣọ ìdọ̀tí, kò béèrè nǹkan kan. Ọmọ tí kì í béèrè nǹkan, mo bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí Kékeré ṣẹ̀? Ó gbé fóònù nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń pe ọkọ náà láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, torí eyín rẹ̀ kì í wọlé. Apoògùn ni. Gbogbo àdúgbò wọn ló fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń gbé oògùn àwọn arúgbó dé ẹnu ọ̀nà wọn. Bó bá na ìyàwó rẹ̀ tán, á ṣí àpótí, á fi òwú fọ ojú ọgbẹ́, á fi ìpara pa á. Kékeré sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń rọ̀ gan-an nígbà yẹn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ó mọ ọgbẹ́ tọ́jú.” Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń yin oníṣẹ́ ọwọ́. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ kí n má baà sọ ọ́ mọ́ ògiri.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Màmá pè. Ó ní a kì í gbé ìyàwó oníyàwó pamọ́, kí n jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní ahọ́n àti eyín ń jà. Mo ní Màmá, eyín nìkan ló ń jẹ ahọ́n nínú ilé yẹn, ahọ́n kò tíì bu eyín jẹ rí. Ó ní ẹnu mi yìí ni kò jẹ́ kí n lọ́kọ. Ó pa fóònù.

Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ọkàn mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Ìrọ̀lẹ́. Ojú ọ̀run ṣú. Tẹ̀ẹ́rẹ́ ń sùn ní yàrá kejì. Mo wà lórí tábìlì, Kékeré dúró nísàlẹ̀, ó ń fi fóònù tanná sí mi. Mo ti fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà yíká ìdérí, síkúrù tó kù ti ń yí. Áyọ́ọ̀nù ń gbóná lórí pákó – iná wà, gílóòbù nìkan ló kú. A ń ṣẹ̀fẹ̀. Kékeré ní bí òkú kòkòrò bá já bọ́ sí mi lẹ́nu kí n kúkú gbé e mì, torí kò sí ẹran nílé. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín láti ìgbà tó ti dé nìyẹn.

Ilẹ̀kùn ṣí. N kì í tì í nítorí àwọn oníbàárà. Ẹlẹ́rìn-ín ló wọlé, agboòrùn lọ́wọ́ kan, báàgì oògùn lọ́wọ́ kejì. “Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é.” Ohùn bí oyin. Mo ní má ṣèyọnu. Ó yíjú sí Kékeré, ó ní ó yá, ká máa lọ ilé.

Kékeré ní rárá.

Láti kékeré rẹ̀, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ó gbé agboòrùn ti ògiri, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí omi má ro sórí aṣọ àwọn ènìyàn. Ó padà lọ ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ló di irun Kékeré mú. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lẹ́nu. Ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri, ó tún un gbá. Mo ń pariwo – mo rò pé mo ń pariwo. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú áyọ́ọ̀nù. “Ojú tó o fi ń wò mí yìí,” ó ní, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè, “màá bá ọ lọ̀ ọ́ kó dán.”

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ìdérí ti wà ní ọwọ́ mi, síkúrù ìkẹyìn ti tú, n kò mọ ìgbà tó tú. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, mo fi lù ú lórí.

Kò fọ́. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ odó lulẹ̀. Áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

Mo bẹ́ sílẹ̀, mo tún lù ú.

Ìkejì ló fọ́. Ó ti kúnlẹ̀ nígbà yẹn. Mo rí i pé ó ti kúnlẹ̀. Òkú kòkòrò dà sínú irun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sí ojú rẹ̀. Inú mi dùn. Ta ni mo fẹ́ purọ́ fún nínú ìwé yìí – inú mi dùn dé egungun. Ká ní ìdérí náà ṣì kù, n kò mọ̀ bóyá ìkẹta kò ní sí.

Káfíńtà fi èjìká já ilẹ̀kùn. Òun ló ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ọkùnrin tí pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo Kékeré, ó wo ọwọ́ mi. Ó gbé Ẹlẹ́rìn-ín sínú ọkọ̀ tó fi ń kó pákó, a gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Kékeré, pẹ̀lú ètè tó ya, ló dáhùn: “Ó ń bá ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀ gílóòbù ni, ó ṣubú láti orí tábìlì. Mo fẹ́ gbá a mú ni ó fi wó lù mí.”

Irọ́ náà dán. N kò mọ ìgbà tí Kékeré kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Kò tíì la ojú.

Bó bá kú, apànìyàn ni mí. Mo kọ ọ́ kí n lè rí bó ṣe máa rí lójú ìwé. Ó rí bí ọ̀rọ̀ lásán.

Mo fi gílóòbù tuntun sí i, láìsí ìdérí. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ le. Ẹ̀jẹ̀ wà níbi tí n kò rò: lára ògiri, lábẹ́ pákó ìlọṣọ, lára aṣọ funfun méjì tí mo ti lọ̀, tí mo ti ká. Mo tún wọn fọ̀. Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe omi gbígbóná. Ohun tí mo fi ń jẹun ni mo fi ń pa ẹ̀rí rẹ́.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ó ti jí. Wọ́n rán orí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n lẹ aṣọ.

Màmá ti dé. Kékeré ti sọ òótọ́ fún un. Ó jókòó sórí àga ọsibítù, ó wò mí títí, ó ní kí irọ́ gílóòbù yẹn dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tú u. Àwọn oníbàárà Ẹlẹ́rìn-ín ń wọ́ wá kí i. Nọ́ọ̀sì kan gbá mi mú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní irú àna báyìí ṣọ̀wọ́n, tó ń gun tábìlì nítorí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Inú mi ṣì ń dùn. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Kékeré ti ọsibítù dé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n jókòó. Ó ní Ẹlẹ́rìn-ín kò rántí ẹni tó lù ú. Ó rántí pé òun mú áyọ́ọ̀nù, lẹ́yìn ìyẹn òkùnkùn. Ó mọ̀ pé òun kò gun tábìlì kankan. Ó fa Kékeré mọ́ra lórí ibùsùn, ó bi í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: “Ta ló gbá mi?”

Kékeré ní: “Èmi ni.”

Ó ní bí òun ṣe sọ ọ́ tán ni ọkùnrin náà fà sẹ́yìn lórí ibùsùn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan irin. Ó ní òun kò rí irú ojú yẹn rí lára ẹnikẹ́ni, àfi nínú dígí.

Ó dì mí lọ́wọ́ mú. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un. Ẹ jẹ́ kó máa rò pé èmi ni.” Mo gbà. Kí ló dé tí n kò ní gbà? A rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, Màmá sì ń bínú ní yàrá kejì pé kí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù. Kékeré bá a lọ ilé. Ó gbé Tẹ̀ẹ́rẹ́ dání.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní àfi kó gba orí òkú mi kọjá. Ó fi ọwọ́ kan èjìká mi. Ó ní kò lè fọwọ́ kan òun mọ́, kí n lọ fọkàn balẹ̀. Màmá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Káfíńtà, tó ń tún ilẹ̀kùn mi kàn, sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: “Àǹtí, ajá tí wọ́n nà kì í gbàgbé.” N kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló pè ní ajá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo lọ kí wọn. Ilé náà mọ́ tónítóní. Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ ló bu omi wá fún mi, ó kúnlẹ̀ gbé e. Eyín rẹ̀ kò yọ. Kékeré gbé ọwọ́ sókè láti tún gèlè rẹ̀ ṣe, ọkọ rẹ̀ sì tẹ orí ba kíá, bí ẹyẹ tó rí òkò.

Kékeré rí i. Mo rí i. Kékeré tún gèlè náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì, láìnídìí.

Mo mu omi mi tán. Ó dùn. Mo rìn dé ilé bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Kékeré pè. Ohùn rẹ̀ fúyẹ́. Ó ní òun gbá a létí lánàá. Mo ní kí ló ṣe? Ó ní kò ṣe nǹkan kan, ibi tí òun fẹ́ jókòó sí ló jókòó sí. Ó ní ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní lẹ́yìn náà òun fi ìpara pa á fún un.

Mo ní kí ló wí yẹn?

Ó ní, “Mo fi ìpara pa á. Ojú rẹ̀ wú.”

Mo jó ẹ̀wù mìíràn lónìí. Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló fà á.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ti bì. Ẹnu mi ṣì ń korò bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo gbé aṣọ wọn tí mo fọ̀ lọ fún wọn. Ẹlẹ́rìn-ín wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kékeré ń bá mi sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ti sanra díẹ̀. Tẹ̀ẹ́rẹ́ da omi sílẹ̀ – ife kékeré kan, omi lásán. Kékeré kò tíì dìde. Ó kàn yíjú ni. Ọmọ náà fi apá méjèèjì bo orí, ó ká bí ìgbín.

Mo fà á mọ́ra. Àmì ìka ọwọ́ ènìyàn wà lára apá rẹ̀, dúdú, ó hàn ketekete. Mo ní Kékeré, kí lèyí? Ó ní ọmọ náà lágídí ni. Mo ní kí lèyí? Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bímọ, ẹ ò lè mọ̀.”

Ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Eyín rẹ̀ yọ. Mo mọ ẹni tó ni ẹ̀rín yẹn.

Mo fẹ́ gbá a. Ọwọ́ mi ti kúrò nílẹ̀ kí n tó dá a dúró. Mo jáde, mo di odi ilé wọn mú, mo bì.

Èmi ni mo gbé nǹkan yìí wọ ilé wọn. Kì í ṣe bí mo ṣe lu Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kíní – ìyẹn, màá tún un ṣe lọ́la. Irọ́ tí mo fẹnu sí lẹ́yìn náà ni, tí mo sì ń fi ṣe ọtí mu.

Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo ti ṣe é.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Káfíńtà láàárọ̀. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó fi sápò, ó ní ó yá. Ó gbé ọkọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, kò pa ẹ́ńjìnnì. Mo ní kó wọlé bó bá gbọ́ ariwo.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nídìí oúnjẹ. Mo gbé Tẹ̀ẹ́rẹ́ lórí àga, mo gbé e sẹ́yìn mi. Mo ní kí Kékeré dìde kó bá mi lọ. Ó ní lọ síbo? Ó ń jẹun lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní nítorí ọmọ yìí. Ó ní òun kò lọ síbì kankan, ilé òun nìyí, òun ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Ó tilẹ̀ nawọ́ sí ọkọ rẹ̀ bí ẹni nawọ́ sí àga, ọkùnrin náà sì tẹ orí ba.

Mo yíjú sí i. Mo ní, “Kékeré kọ́ ló lù ọ́. Èmi ni. Mo wà lórí tábìlì. Èmi ni mo lù ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, èmi náà ni mo lù ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.”

Kékeré ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákẹ́.” Ohùn kékeré, ohùn àtijọ́.

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sí àpá orí rẹ̀. Ó wò mí. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì rí ẹ̀rù tó ti padà sójú rẹ̀. “Ẹ̀yin ni, Àǹtí?” Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ yọ tán porogodo. Ó dìde, kò yára rárá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá Kékeré ṣubú pẹ̀lú àga àti abọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè lé e lórí.

Mo gbé ìkòkò. Káfíńtà ti wọlé. Ó di ọkùnrin náà lọ́rùn mú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ìgò oògùn ń fọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n sọ ìkòkò sílẹ̀. “Àǹtí, ó tó.” Mo sọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ kí ìka mi tó tú.

Kékeré jókòó nílẹ̀ nínú ọbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ ní imú rẹ̀. “Ẹ ti pa mí,” ó ní. “Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ mi, ẹ sì dá a padà fún un.”

Mo nawọ́ sí i. Kò gba ọwọ́ mi. Àmọ́ nígbà tí mo gbé ọmọ rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ lé wa.

Ajé, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹta

A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀. Mo sọ ohun gbogbo, títí kan ìkejì, títí kan pé ó ti kúnlẹ̀. Ọlọ́pàá náà gbójú sókè, ó ní ṣé kí òun kọ ìyẹn náà? Mo ní kó kọ ọ́. Ó ní wọ́n á lọ mú ọkùnrin náà, wọ́n á sì tún ránṣẹ́ sí èmi pẹ̀lú. Mo ní wọ́n mọ ilé mi. Màmá ti pè, ó ní mo ti tú ilé àbúrò mi ká, kí n má pe òun mọ́.

Kékeré kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ó jókòó sí yàrá kejì, ojú rẹ̀ sí ògiri. Ó kọ oúnjẹ. Ó kọ omi.

Ní ọ̀sán, mo gbọ́ igbe Tẹ̀ẹ́rẹ́. Igbe lásán ni, ọmọ tí oorun ń kùn ni. Ó ń ké, ó ń ké, kò dákẹ́. Mo ń lọ aṣọ. Mo gbọ́ tí Kékeré dìde. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ó yára. Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo sáré.

Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ó dúró níbẹ̀. Ó fi apá méjèèjì gbé ọmọ náà síwájú, jìnnà sí ara rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gbé ohun tó lè jó.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní. “Ọwọ́ ń yún mi. Ẹ bá mi gba ọmọ yìí.”

Mo gbà á.